Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó ń wó lọ ní Ìjẹ̀bú: kí ni ẹgbẹ́ tuntun yóò kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa mẹ́fà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí kì í ṣe ti èrè, láti máa tọ́jú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn bàbá wa àgbà kọ́. Ní ìtún (àdúgbò) tiwa nìkan, márùn-ún ló ti ń wó. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé bàbá mi àgbà: ògiri amọ̀ ni, òrùlé ń jò, ilẹ̀ òkè ti ń rọ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a wó o, kí a fi ilẹ̀ náà kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan ti fún wa ní 20 àpò símẹ́ńtì. Ṣé kí a kọ́kọ́ fi rẹ́ ògiri ni, àbí kí a lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ná?

Ìdáhùn: Ẹ má fi símẹ́ńtì yẹn kan ògiri náà rárá. Ẹ tò ó sórí pákó níbi tí ìrì kò dé. Ó ní ibi tí yóò ti wúlò, a ó débẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ náà kọ́ ló máa ṣáájú. Ohun méjì ló ń wó ilé àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: omi, àti ẹbí tí kò fẹnu kò. Bí ẹgbẹ́ bá fi odindi ọdún kan sáré ìwé, tó yan alága, tó dá aṣọ, tí òjò ọdún náà sì rọ̀ tán sórí ilé tí wọ́n fẹ́ gbà là, ilé náà kò ní í dúró dè wọ́n. Ẹ gba ìyọ̀ǹda ẹbí lórí ìwé kúkúrú kan, ẹ bo òrùlé, ẹ lé omi kúrò nídìí ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá jókòó ti ìwé ẹgbẹ́ àti àtúnṣe gidi.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì kúrò nílẹ̀ ná, nítorí òun ló ń ba ilé jẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn ilé. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, ojú ògiri ni omi náà sì máa ń gbà jáde bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i. Bí ẹ bá fi símẹ́ńtì bò ó, omi náà kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Á máa gun òkè lẹ́yìn pílásítà, á sì máa rọ amọ̀ náà láti inú wá. Yàtọ̀ sí èyí, amọ̀ máa ń wú nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Símẹ́ńtì le gbagidi, kì í bá a wú, kì í bá a sún kì. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì á fi ya ara wọn. Ẹ fi ìka kan pílásítà símẹ́ńtì tó ti pẹ́ lára ilé amọ̀: ibi tó bá ń dún kókó, ó ti yà kúrò lára ògiri nìyẹn. Òjò á gba ojú ibi tó là wọ ẹ̀yìn rẹ̀, kò ní í rí ọ̀nà jáde, ọjọ́ tí pílásítà náà bá sì já, á gbé amọ̀ ìwọ̀n ìka mẹ́rin dání lọ. Àwọn ará àdúgbò á wá ní, “Ẹ wò ó, ilé amọ̀ kò lágbára.” Amọ̀ tó ti dúró láti ìgbà bàbá àgbà kọ́ ló yẹ kí wọ́n dá lẹ́bi.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mọ irú ògiri tí ẹ ní. Ibi tí pílásítà ti já ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ìlà gbọọrọ tó lọ ní ìbú, tí ọ̀kan sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí méjì, ipele-ipele ni wọ́n mọ ọ́n, wọ́n ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bí ó bá jẹ́ bíríkì, ẹ wò ó bóyá oòrùn ni wọ́n sá a sí tàbí iná ni wọ́n fi sun ún. Ilé kan ṣoṣo lè ní ju irú kan lọ: amọ̀ lára ilé gangan, bíríkì níwájú, kọnkéré ní òpó bálíkónì. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíl padà sí Èkó ló mú irú iṣẹ́ ọwọ́ yìí wá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó la ilé láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, òdòdó pílásítà lókè fèrèsé. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú rí i ní Èkó, wọ́n sì mú un wá sílé. Amọ̀ ilẹ̀ wa ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n wá fi iṣẹ́ Àgùdà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Nítorí náà, ohun tó bá amọ̀ mu ló yẹ kí ẹ fi tún un ṣe.

Erùpẹ̀ ni àtúnṣe tó dára jù fún amọ̀. Ẹ bu èyí tó wó láti ara ògiri náà sínú ìgò funfun kan títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ da omi sí i kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀. Yanrìn á sùn sísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tó kúnná ju yanrìn lọ á sùn lé e lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Amọ̀ gangan lè gbà tó ọjọ́ kan kí omi tó mọ́. Ẹ fi rúlà wọn ipele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá lọ wá erùpẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Fún rírẹ́ ògiri, ẹ po amọ̀ 1 mọ́ yanrìn 2 tàbí 3, pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí ẹ gé wẹ́wẹ́, kí ẹ rin ín lómi, kí ẹ sì bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó lò ó. Ẹ má rẹ́ gbogbo ògiri lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ dán ìwọ̀n mẹ́ta wò, 1 sí 2, 1 sí 2 ààbọ̀, 1 sí 3, ní ojú ibi mẹ́ta tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí ẹ sì dúró kó gbẹ. Èyí tó bá là, yanrìn ló kù sí. Èyí tó bá ń bu lọ́wọ́ tí ẹ bá fọwọ́ pa á, amọ̀ ló kù sí. Èyí tí kò là tí kò sì bu ni tiyín. Ẹ ha gbogbo ibi tó ti yà kúrò, ẹ wọ́n omi sára ògiri kó tó gba ẹ̀dà (ìpele rírẹ́) tuntun, ẹ̀dà kan kò sì gbọ́dọ̀ nípọn ju sẹ̀ńtímítà kan ààbọ̀ lọ.

Níbi tí òjò ti máa ń gbá ògiri lójú, ẹ fi láìmù rẹ́ ẹ̀dà ìta. Láìmù ìkọ́lé ni mò ń wí, ìyẹ̀fun funfun alápò tí àwọn tó ń tọ́jú omi náà ń lò, kì í ṣe ẹfun ọjà. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ kan ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ kan dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láìmù 1 sí yanrìn odò tí a fọ̀ 3, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà kan. Atẹ́gùn ni láìmù fi ń le, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Nítorí náà, ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀: bí ó bá gbẹ kíákíá, á di ìyẹ̀fun lára ògiri. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ̀dà kejì tó gun un. Láìmù ń jó ojú àti ara. Ẹni tó ń pò ó gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, bí ó bá sì ta sí ẹnikẹ́ni lójú, kó fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kó tó sáré lọ sílé ìwòsàn. Láìmù tí a pò títí tó fi ṣàn, tí a kùn ní ẹ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ni ọ̀dà ilé náà. Ọ̀dà olóròóró, ẹ má fi kan ògiri amọ̀. Iṣẹ́ símẹ́ńtì náà ló ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ògiri nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ rẹ́ ògiri kankan kí òrùlé tó ṣíwọ́ jíjò.

Kí káfíńtà tó gun òkè, ẹ nílò ìwé ẹbí. Ilé tí bàbá kọ́ tó sì kú láì pín in, ilé ẹbí ni. Kì í ṣe ti àkọ́bí, kì í ṣe ti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun. Nínú òfin ìbílẹ̀ wa tí kóòtù náà ń tẹ̀ lé, bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láì gba ohùn àwọn àgbà ìdí igi, wọ́n lè bẹ kóòtù kó fagi lé e. Òfin yìí ń gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wó o ní kọ̀rọ̀. Òun kan náà ló so yín lọ́wọ́: ẹ̀yin náà kò lè dá páànù kan ṣí bí gbogbo ìdí igi kò bá gbọ́ sí i.

Ẹ ka àwọn ìdí igi náà dáadáa. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ fún bàbá àgbà, ìdí igi kan ni, ì báà ṣe ọmọ kan ló bí tàbí mẹ́jọ. Ẹ wá ẹni tí ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí pé kó ṣojú àwọn. Ẹ má fo àwọn ọmọbìnrin àti ọmọ wọn dá, nítorí ẹ̀tọ́ wọn nínú ilé ẹbí kò kéré sí ti ọkùnrin. Àwọn ni wọn kì í sábà pè sípàdé, àwọn náà ló sì máa ń mú lọ́yà wá nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì. Ìwé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ: pé ẹbí gbà kí ẹ ya àwòrán ilé, kí ẹ bo òrùlé, kí ẹ la gọ́tà, pé ẹgbẹ́ kò fi èyí ra ilé, kò sì gba ilé, pé ẹbí lè dá a dúró nígbàkigbà. Olórí ẹbí á fọwọ́ sí i, aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan á fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá lè kà, ẹ kà á fún un ní Yorùbá, kó tẹ̀ka, kí ẹni tó kà á fún un sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ibẹ̀ pé òun ka á, òun sì túmọ̀ rẹ̀. Ìwé tí wọn kò ṣe báyìí fún àgbàlagbà tí kò mọ̀wé, lọ́yà kékeré lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Ní tèmi, ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ gba ilé lọ́wọ́ ẹbí, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi í tọrẹ. Ọjọ́ tí ilé bá ti di tẹgbẹ́ ni ẹbí á ti yọwọ́ kúrò nínú gbígbá àti títọ́jú rẹ̀, ọmọ-ọmọ kan á sì jáde lọ́jọ́ iwájú láti pe ẹgbẹ́ lólè. Ẹ jẹ́ kí ilé jẹ́ tiwọn, kí àdéhùn àtúnṣe jẹ́ tiyín. Bí iṣẹ́ bá ti ju ti pàjáwìrì lọ, ẹ kọ àdéhùn gígùn: ọdún mélòó ni, ta ni yóò san kí ni, ibo ni owó háyà ń lọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó tí ẹgbẹ́ ná bí ẹbí bá yí ọkàn padà. Àdéhùn ìgbélé tó bá ju ọdún 3 lọ, lọ́yà ló gbọ́dọ̀ ṣe é gẹ́gẹ́ bí ìwé olófin, kí ó sì sọ fún yín ohun tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 béèrè nípa ìyọ̀ǹda gómìnà.

Bí ìwé àkọ́kọ́ bá ti wà lọ́wọ́, ẹ ya àwòrán gbogbo nǹkan kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fóònù ti tó: ojú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, igun mẹ́rin yàrá kọ̀ọ̀kan, àjà, ilẹ̀, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ sí i. Ẹ fi téèpù wọn ilé náà, kí ẹ yà á sórí ìwé, kí ẹ sì kọ bí ògiri ṣe nípọn tó ní ojú fèrèsé. Òdòdó pílásítà tó já bọ́, ẹ kó o sínú àpò, kí ẹ kọ ibi tó ti já sára àpò náà; òun ni ẹ máa fi ṣe èyí tuntun. Ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ lórí ẹni tó kọ́ ilé, ibi tí káfíńtà ti wá, yàrá tí ta ni ta ni sùn. Ẹ fi ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹbí.

Ó kan òrùlé báyìí. Bí òjò bá ti ń rọ̀, tápólìn ni, kíákíá. Ẹ fi pákó tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ igi òrùlé láti inú. Òkúta tí wọ́n máa ń kó sórí páànù, ìjì kan ló máa gbé e bọ́ sórí ọmọ ọlọ́mọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibi tí omi ti ń kán. Ẹ rántí pé ibi tó ń kán sí lè má jẹ́ abẹ́ ihò náà: omi máa ń gba ẹ̀yìn igi sọ̀kalẹ̀ kó tó já. Ẹ tọ ọ́ lọ sókè. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á jẹ́ ojú ìṣó tó ti dógùn-ún, kápù orí òrùlé tó ti ṣí, àti àfonífojì ibi tí òrùlé méjì ti pàdé, níbi tí ewé máa ń kún. Ẹ fi ọ̀bẹ gún orí igi níbi tó ti jókòó lé ògiri. Bí ọ̀bẹ bá wọlé ju ìdajì ìka lọ láìsí agbára, igi yẹn ti lọ.

Ìrókò tàbí àpá ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀, 2×4 fún àwọn tó gbé ẹrù, 2×3 fún àwọn tí páànù ń kàn mọ́, kí káfíńtà sì wọn ti àtijọ́ wò kó tó gé, torí igi àwọn bàbá wa sábà máa ń nípọn ju bí wọ́n ti ń là á báyìí lọ. Arère rọ̀, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà á kò ní í tó yín ṣe àtúnṣe kejì. Páànù àtijọ́ tí ojú ìṣó nìkan bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣì lè padà sókè. Bí ẹ bá máa ra tuntun, álúmínìọ́ọ̀mù tó nípọn tó mílímítà 0.55 ni kó kéré jù, 0.45 á máa dún, á máa tẹ̀ lẹ́sẹ̀ káfíńtà, ìjì á sì ya á lójú ìṣó. Ẹ kan ìṣó sí orí òkè páànù, kì í ṣe sínú kòtò rẹ̀, pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ orí ìṣó. Kí páànù òkè gun ti ìsàlẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 15 sí 20. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ òrùlé náà sílẹ̀ tàbí kó gé etí rẹ̀ kúrú kó lè jọ ti òde òní: etí tó yọ síta yẹn ló ń gba òjò fún ògiri amọ̀. Bí àjà bá jẹ́ asbestos, bí àwọn ilé kan ṣe fi pààrọ̀ àjà pákó lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi ayùn gé e ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ yọ ọ́ ní odindi, ẹ dí imú àti ẹnu.

Ní ìdí ògiri, ẹ wá ojú ilẹ̀ àtijọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ọ̀nà ṣe ni wọ́n ń da òkúta àti ọ̀dà lé ti tẹ́lẹ̀, tí àgbàlá náà sì ń ga pẹ̀lú pàǹtí, títí omi ọ̀nà á fi máa wọlé. Ẹ wa ihò kékeré kan sí ìdí ògiri, ẹ ó rí ibi tí pílásítà àkọ́kọ́ parí sí. Ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ tó ga ju ibẹ̀ lọ kúrò, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ilẹ̀ sì dà síta ní sẹ̀ńtímítà 5 fún mítà kọ̀ọ̀kan, fún mítà 2 àkọ́kọ́. Ibí ni símẹ́ńtì yín ti wúlò: gọ́tà kọnkéré, símẹ́ńtì 1 sí yanrìn 2 sí òkúta 4, tó jìnnà sí ògiri ní mítà kan, tó sì gbé omi lọ sí gọ́tà ìjọba. Láàárín gọ́tà àti ògiri, òkúta wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ dà, ẹ má fi kọnkéré bò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ á máa gba inú ògiri jáde. Símẹ́ńtì kì í sì í pẹ́: tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta nínú àpò, agbára rẹ̀ ń lọ. Bí ẹ kò bá ní í tètè lò ó, ẹ bá olùtajà sọ̀rọ̀ kó fi pààrọ̀ páànù tàbí láìmù fún yín. Ẹ wo sọ́kàwéè àti balùwẹ̀ aládùúgbò pẹ̀lú. Omi wọn lè jẹ́ ohun tó ń rọ igun ilé yín.

Kí ẹ tó wa ilẹ̀ ibikíbi nínú ilé tàbí àgbàlá, ẹ béèrè ibi tí oórì wà. Inú ilé ni wọ́n sábà máa ń sin àgbà sí nílẹ̀ wa láyé àtijọ́, oórì tó wà nínú pálọ̀ ìsàlẹ̀ sì lè ju ẹyọ kan lọ láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Bí ojúbọ bá wà, olórí ẹbí ló mọ ẹni tí ẹ máa bá sọ̀rọ̀.

Ikán ń gba ilẹ̀ wọ ògiri amọ̀, kì í hàn títí igi á fi ṣófo. Ẹ fọ́ ọ̀nà rẹ̀ tí ẹ bá rí i. Bí ó bá tún un mọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ni kó da oògùn sí ilẹ̀ tó yí ilé ká, kó sì jìnnà sí kànga. Ọ́ìlì kọ́ndẹ́mù tí káfíńtà máa ń kùn sí igi kì í wọnú igi tó bí wọ́n ṣe rò, ó ń jẹ́ kí iná tètè ràn, láìmù kò sì ní í di ibi tó bá ta sí mú láéláé.

Ti ilẹ̀ òkè tó ń rọ̀: ẹ má jẹ́ kí ènìyàn pé sókè mọ́, kí ẹ kó àpótí àti ẹrù wúwo wálẹ̀. Ibi tí igi ìtẹ́lẹ̀ ti wọ inú ògiri ló sábà máa ń jẹrà, nítorí amọ̀ tútù yí i ká. Ẹ fi igi 4×4 gbé e dúró láti ìsàlẹ̀, pákó fífẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kó kàn án ṣinṣin. Ẹ má gbìyànjú láti jáàkì ilẹ̀ náà padà sípò lọ́jọ́ kan, ògiri á là. Káfíńtà á gé igi náà padà kọjá ibi tó jẹrà, títí wọ inú igi tó dáa ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, á fi igi tuntun gùn ún, á fi pákó méjì gbá a lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú bóòtù, kì í ṣe ìṣó. Orí tuntun tó wọ ògiri, kó jókòó lé bíríkì sísun, kí àyè afẹ́fẹ́ wà yí i ká.

Ibi tí ògiri ti là, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ wọn ọ́n, ẹ kọ déètì, kí ẹ máa wọn ọ́n lóṣooṣù láti ìgbà òjò dé ọ̀gbẹlẹ̀. Èyí tí kò fẹ̀ sí i, àtijọ́ ni, ẹ dí i. Èyí tó ń fẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Ẹ pe ẹnjiníà tó mọ̀ nípa ilé. Èyí tó bá ti igun fèrèsé gba ọ̀nà wíwọ́ lọ sókè, ẹ kọ́kọ́ wo igi orí fèrèsé bóyá ikán ti jẹ ẹ́.

Òpó kékeré ara bálíkónì rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn oníṣẹ́ P.O.P. tó wà káàkiri lè fi èyí tó kù ṣe móòdù tó là sí méjì, kí ẹ sì da tuntun sínú rẹ̀, símẹ́ńtì 1 sí yanrìn 3. Kí irin inú rẹ̀ jìn sínú dáadáa, torí irin tó bá dógùn-ún ló la ti àtijọ́. Fèrèsé onípákó, ẹ tún un ṣe, ẹ má fi álúmínìọ́ọ̀mù onígíláàsì pààrọ̀ rẹ̀. Ilé amọ̀ nílò afẹ́fẹ́.

Nísinsìnyí, ẹgbẹ́. Àjọ CAC ni ẹ máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní àwọn alágbàtọ́jú (Incorporated Trustees), lábẹ́ òfin iléeṣẹ́ ti 2020. Wọ́n á béèrè ìwé òfin ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ti yan alágbàtọ́jú, àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, tí ọjọ́ 28 sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó. Ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi fún jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún kò lè ṣe alágbàtọ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin, torí báǹkì á béèrè rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC láàárín 30 Oṣù Kẹfà sí 31 Oṣù Kejìlá. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ló ń gbàgbé èyí tí wọ́n sì ń san owó ìtanràn. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé owó ilé kan kò gbọdọ̀ bọ́ sínú ilé míì láìsí ìwé, àti pé alágbàtọ́jú tí ilé ẹbí rẹ̀ bá wà lórí tábìlì kò ní í dìbò lọ́jọ́ náà. Ti owó, àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí Ìjẹ̀bú, wà. Ẹgbẹ́ tó lè múra jáde fún Ojúdé Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá lè gba òrùlé ilé kan ṣe. Ilé kan, òrùlé kan, ni kẹ́ ẹ gbé lọ bá wọn, pẹ̀lú iye owó àti àwòrán. Ẹ má gbé “àṣà wa” lásán lọ.

Ẹ má sì rò pé ìkéde ìjọba nìkan á gbà yín. Àjọ NCMM, tí òfin 1979 dá sílẹ̀, ló ń bójú tó ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ó sì yẹ kí ẹ kọ̀wé sí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kéde Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 11 Oṣù Kẹsàn-án 2016. Ẹ fi Jaekel House ní Èbúté-Mẹ́ta wé e, ilé rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898: ẹgbẹ́ Legacy tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, kò ra á, àdéhùn ni wọ́n bá àwọn onílé ṣe, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì rí iṣẹ́ fún un láti máa ṣe. Ilé tí ènìyàn ń wọlé tó ń jáde nínú rẹ̀ ní ẹni tó máa rí i lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ jò.

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọn kì í ṣe ọ̀tá yín. Owó ni wọ́n ń wá, ilé náà sì lè mú un wá: àwọn oníṣòwò tó kọ́ irú ilé yìí, òkè ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà. Ẹ fún àwọn yàrá iwájú ní iṣẹ́ wọn padà. Kí ẹnikẹ́ni má fẹ ẹnu ọ̀nà sí i, kó má sì wó ògiri àárín yàrá méjì, torí òun ló gbé ilẹ̀ òkè dúró. Kò sí ẹni tó ń ta gáàsì, kò sí wẹ́dà, kò sí jẹnẹrétọ̀ nínú ilé. Wáyà iná àtijọ́, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kí ayálégbé tó wọlé. Kí pátákó ṣọ́ọ̀bù dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n má kàn án mọ́ òdòdó ògiri. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣírò owó ilé kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹbí lápá kan, iye tí wíwó ilé àti kíkọ́ ṣọ́ọ̀bù máa ná wọn, lápá kejì iye òrùlé, gọ́tà àti yàrá iwájú, pẹ̀lú háyà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa mú wá. Kí apá kan háyà máa lọ sínú àpò àtúnṣe títí owó òrùlé á fi pé. Ẹ pe àwọn tó fẹ́ wó o náà sí ìpàdé ìwé àkọ́kọ́ yẹn, kí orúkọ wọn wà lára àwọn tó máa fọwọ́ sí i, kí ìpàdé náà sì wáyé kí Oṣù Kọkànlá tó wọlé, torí ìgbà náà sí Oṣù Kejì ni káfíńtà lè ṣí òrùlé láìbẹ̀rù òjò.